Alága Ẹ-Dìde àti Kíláàsì Tó Dákẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹni tó bá jókòó jìnnà sí i, ariwo rẹ̀ nìkan ló máa kàn án, ẹ̀rín rẹ̀ kò ní kàn án.

Ọkùnrin kan wà tí ipò rẹ̀ tóbi jù ú lọ, bí ìgbà tí ọmọdé bá dé fìlà bàbá rẹ̀ tí fìlà náà wá bò ó lójú. Alága Ìgbìmọ̀ Tó Ń Mójú Tó Ẹ̀kọ́ Ẹ̀sìn Nínú Gbogbo Ilé Ìwé Ìlú àti Agbègbè Rẹ̀ ni wọ́n fi jẹ. Bí ẹ bá pe oyè yẹn tán láìmí, ẹ wá gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ mi. Lójú rẹ̀, "Alága wa ọ̀wọ́n" ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀, Ẹ-Dìde ni gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí.

Ohun tó fa orúkọ náà kò fara sin. Alága ní akọ̀wé kan, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni ẹkún àkọ́kọ́ tó sun lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ bí i. Iṣẹ́ akọ̀wé yìí ni kó máa sáré ṣáájú ọ̀gá rẹ̀, kó ṣí ilẹ̀kùn gbàgà, kó pariwo, "Ẹ dìde!" Gbogbo ẹni tó bá wà nínú yàrá á dìde, ì báà ṣe aláboyún, ì báà ṣe ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́. Ó wọ akọ̀wé lára dé ibi pé lọ́jọ́ kan tí inú ń run Alága, akọ̀wé sáré ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́ ọ́fíìsì, ó fi gbogbo agbára pariwo, "Ẹ dìde!" Dírẹ́bà kan wà nínú ilé ìyàgbẹ́ náà. Ó dìde lóòótọ́. Mi ò ní sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ṣòkòtò rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ìjọba gbé fún Alága ò le. Nínú àwọn ilé ìwé yẹn, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wà, ọmọ mọ́ṣáláṣí wà, ọmọ tí bàbá rẹ̀ ò lọ síbì kankan náà wà. Ìjọba ní kí wọ́n kọ́ gbogbo wọn ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, kí ẹnikẹ́ni má fi ti ẹnì kejì ṣẹ̀sín, kí ìgbìmọ̀ sì máa lọ wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ó parí. Obìnrin tó ń ta abẹ́rẹ́ lè ṣe iṣẹ́ yẹn, kó tún ráyè ta abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ẹ fi iṣẹ́ kékeré lé ẹni tí orí rẹ̀ ń wú lọ́wọ́, á pọ̀n ọ́n bí ẹni tó pọn erin.

Ní gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀, bẹ́ńṣì mẹ́ta ló wà, pẹ̀lú àga kan. Bẹ́ńṣì kìíní jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, Pásítọ̀ ló ṣáájú wọn, ọkùnrin kékeré tí ohùn rẹ̀ tóbi. Bẹ́ńṣì kejì jẹ́ ti mọ́ṣáláṣí, Lèmọ́mù ló ṣáájú wọn, bàbá arúgbó tí ojú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí ẹnu rẹ̀ tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti àwọn olùkọ́, ẹni tó ṣáájú wọn sì ni ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo ènìyàn ṣì ń pè ní Ọ̀gá. Àga kan ṣoṣo yòókù ni ti Alága. Tìmùtìmù ń bẹ lórí tìmùtìmù níbẹ̀, kó lè ga ju gbogbo èèyàn lọ. Ó ga lóòótọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀.

Òfin tó bá nínú ìgbìmọ̀ náà dára. Ọ̀rọ̀ kankan kò gbọdọ̀ dúró àfi bí bẹ́ńṣì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sọ pé, "A gbà." Òfin yìí ń yọ Alága lẹ́nu, torí pé ó ń jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó wá kó gbogbo wọn jọ, ó tún kọ́là kóòtù rẹ̀ ṣe, ó wúkọ́, ó ní:

"Ẹ̀yin èèyàn pàtàkì, ẹ̀yin èèyàn tí kò ṣe pàtàkì, àti ẹ̀yin tí ẹ wà láàárín! Èmi tí mo dúró níwájú yín yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jókòó, mo ti ronú títí èrò fi bẹ̀ mí pé kí n fi òun sílẹ̀. Láti òní lọ, agogo nìyí. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, màá lu agogo. Ẹni tí kò bá lanu kí ohùn agogo tó kú, ó ti gbà nìyẹn. Ìdákẹ́ ni ìfọwọ́sí! Ọ̀rọ̀ tí agogo bá sì ti sin, kò sí ẹni tó lè hú u jáde mọ́, títí kan èmi Alága!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn sápò. Kò nílò rẹ̀. Ó kàn dùn létí ara rẹ̀ ni, ló ṣe fi kún un.

Akọ̀wé fò sókè. "Sà! Orí yín kì í ṣe orí mọ́, ilé ìkàwé ni!"

"Má yìn mí jù," ni Alága wí, ó sì dúró kó tún yìn ín.

"Ilé ìkàwé alájà mẹ́ta, sà!"

Bí Òfin Agogo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Pásítọ̀ ìbá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí Lèmọ́mù sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń kọ́kọ́ lanu. Lèmọ́mù náà ìbá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń dúró kí Pásítọ̀ kọ́kọ́ sọ, kó lè mọ ibi tí òun máa ti takò ó. Ọ̀gá ní tirẹ̀ ń wá awò ojú rẹ̀, ó wà lórí imú rẹ̀. Agogo kú. Wọ́n ti gbà.

Agogo wá di bí adìẹ tó ń yé lójoojúmọ́. Agogo ló ní kí wọ́n gbé àwòrán Alága kọ́ sí gbogbo kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, kó sì tóbi ju pátákó ìkọ̀wé lọ. Agogo ló ní kí ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú ìdánwò ẹ̀sìn máa jẹ́, "Ta ni Alága wa ọ̀wọ́n?" Nígbà tí ìdánwò náà wáyé, ọmọ kan tí wọ́n bi pé ta ló dá ọ̀run òun ayé dáhùn pé, "Alága, ìgbìmọ̀ sì fọwọ́ sí i." Akọ̀wé ní kí wọ́n fún ọmọ náà ní gbogbo máàkì rẹ̀, torí pé ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni.

Àìsàn kan tún wà lára Alága tí kò sí dókítà tó lè wò ó. Etí rẹ̀ mú bí abẹ bí wọ́n bá ń pe orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá ti dìde pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀, etí náà á ti ilẹ̀kùn. Á máa tún fìlà ṣe, á máa wo èékánná, á sì máa dáhùn pé, "Ó dáa, ó dáa, mo ti gbọ́." Pásítọ̀ dán an wò nígbà kan. Ó dìde, ó ní, "Alága, ewúrẹ́ kan wà lẹ́yìn yín tó ń jẹ ìdí kóòtù yín." Alága ní, "Ó dáa, ó dáa, mo ti gbọ́. Ẹ ṣeun, Pásítọ̀, ọ̀rọ̀ ìyànjú ni." Lèmọ́mù rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èmi mọ irú wọn. Oníbàárà tí kì í gbọ́ iye tí o pè, òun náà ló máa ń padà wá bá ọ jà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Alága gbéra, ó ní òun fẹ́ lọ yẹ ilé ìwé kan wò. Àwọn ọmọ tò sí ẹnu géètì, wọ́n kọrin fún un. Ìyáàfin ọ̀gá ilé ìwé sọ fún un pé láti ìgbà tí àwòrán rẹ̀ ti dé, eku ò wọ ilé ìwé àwọn mọ́. Inú Alága dùn. Kíláàsì wo ló dé tí wọn ò fò dìde? Kò sí. Àfi ìgbà tó dé kíláàsì tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìyá Ìbejì ló ni kíláàsì yẹn, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, ìjà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láràárọ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì á ní àdúrà ti àwọn ni kó ṣáájú. Ọmọ mọ́ṣáláṣí á ní irọ́ ni. Èyí tí kì í lọ síbì kankan á máa lu tábìlì fún àwọn méjèèjì. Ó sú Ìyá Ìbejì. Ó ní, "Ó tó! Gbogbo yín, ẹ dijú. Kí kálukú bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní nǹkan bá a sọ, kó ronú nípa ìyá rẹ̀." Kíláàsì náà rọ̀ wọ̀ọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìjà sì tán. Ọmọ tó ń gbá ẹnì kejì lójú tẹ́lẹ̀ ti ń yá a ní bíró.

Ìdákẹ́ yẹn ni wọ́n wà nígbà tí akọ̀wé ṣí ilẹ̀kùn gbàgà.

"Ẹ dìde!"

Kò sí ẹni tó mira.

"Mo ní ẹ dìde!"

Ìyá Ìbejì gbé ìka kan sí ètè láìlajú. Ó tán.

Alága dúró sẹ́nu ọ̀nà bí òpó iná tí wọn ò fà wáyà sí. Eṣinṣin kan fò wá, ó bà lé imú rẹ̀. Kò lè lé e, torí ẹni ńlá kì í bá eṣinṣin jà níwájú ọmọdé. Eṣinṣin rìn láti imú dé ètè, ó yẹ gbogbo agbègbè náà wò bí ìgbà tí Alága ń yẹ ilé ìwé wò. Ojú kan ṣoṣo tó là nínú kíláàsì náà ni ti àwòrán Alága lára ògiri. Òun náà ń wò ó. Òun náà kò dìde.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ lajú, wọ́n rí àlejò, wọ́n dìde pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ẹ káàárọ̀, sà!"

Ó ti bàjẹ́. Ojú Alága ti pọ́n bí ata.

"Olùkọ́! Kí ni mo rí yìí?"

"Ẹ káàbọ̀, Alága. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Àwọn ọmọ ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni."

"Wọ́n ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀! Ṣé Ọlọ́run ò rí i pé mo wọlé ni?"

"Ó yẹ kó rí i, sà!" ni akọ̀wé wí.

"Kí ló dé tí kò sọ fún wọn?"

Ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ méjì ti yọ nawọ́ sókè. "Sà, mo bi í. Ó ní kẹ́ ẹ ní sùúrù díẹ̀."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba ìka rẹ̀ jáde. Alága yí padà, ó jáde, akọ̀wé sì sáré tẹ̀ lé e, ó ń lé eṣinṣin tó ti lọ tipẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe ìgbìmọ̀ jọ. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀!

"Mo ti rí ogun," ni Alága wí, ó ń fi ìnujú nu imú tí eṣinṣin bà lé. "Mo ti rí ọ̀tẹ̀. Mo rí ìdákẹ́ tí kò gba àṣẹ! Ta ló fún àwọn ọmọ yẹn ní ìdákẹ́? Ṣé ìgbìmọ̀ yìí fọwọ́ sí ìdákẹ́ kankan? Lónìí wọn ò dìde fún Alága. Lọ́la, oòrùn náà á ní òun ò dìde mọ́!"

"Á ní òun ń bá òṣùpá sọ̀rọ̀, sà!" ni akọ̀wé wí.

"Mo ní kí wọ́n ti kíláàsì yẹn pa. Mo ní kí wọ́n gbé obìnrin yẹn lọ sí ilé ìwé tó wà lódìkejì odò ńlá, níbi tó jẹ́ pé ẹja ni yóò máa kọ́ ní ìdákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí tóbi ju agogo ojoojúmọ́ lọ. Màá lu agogo rẹ̀ ní ọjọ́ ìpàdé ńlá, níwájú Kọmíṣánnà fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kí a tó dórí rẹ̀, gbogbo yín ni ẹ máa dijú, ẹ máa dákẹ́, láti fi bọlá fún ọdún tí mo ti lò lórí àga yìí. Bí ìdákẹ́ bá wà nílùú yìí, èmi ló yẹ! Ẹni tó bá lanu kí n tó ṣe àmín, kódà kó jẹ́ ikọ́, ó ti fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ọ, ẹ óò rò pé ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rín ní ilé Ìyá Ìbejì. Ìyá rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn, láti ìgbà náà ìdí rẹ̀ ò gbé e dìde mọ́. Láràárọ̀ kí Ìyá Ìbejì tó lọ síbi iṣẹ́, á wẹ̀ ẹ́, á yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí wọ́n bá ṣíwọ́ fún ìsinmi ọ̀sán, á sáré wálé yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí egbò má baà yọ sí i lẹ́yìn. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ilé kì í rí i. Ẹni tó bá sì lọ ṣiṣẹ́ lódìkejì odò ńlá, ibẹ̀ ló máa sùn.

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sọ ohun tí Alága wí. Ìyá rẹ̀ yíjú sí i.

"Bí wọ́n bá gbé ọ lọ, ta ni yóò máa yí mi?"

"Ìyá mi, mi ò mọ̀."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Torí pé wọn ò dìde fún un." Ìyá arúgbó náà pòṣé. "Sọ fún un kó wá síbí. Èmi gan-an ni mi ò lè dìde. Kó wá lé mi kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì."

Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ni wọ́n gbọ́ ariwo níta. Pásítọ̀ àti Lèmọ́mù ti wá kí wọn, torí pé ọmọ ọmọ Pásítọ̀ wà ní kíláàsì yẹn, ti Lèmọ́mù náà wà níbẹ̀. Ọ̀gá tẹ̀ lé wọn. Àwọn méjèèjì ti pàdé lẹ́nu ọ̀nà.

"Lèmọ́mù, ẹ wọlé."

"Rárá o, Pásítọ̀, ẹ ṣáájú. Ẹ̀yin lẹ máa ń ṣáájú."

"Kí lẹ ní lọ́kàn tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kí ni mo sọ? Ṣé mi ò ní kẹ́ ẹ ṣáájú ni?"

Ìyá arúgbó pariwo láti inú yàrá. "Ẹ̀yin méjèèjì! Ibi tí ẹ ti ń du ẹnu ọ̀nà ni ọkùnrin yẹn ti gba yàrá mọ́ yín lọ́wọ́!"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún wọn. Wọ́n wọlé ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́, ilẹ̀kùn fẹ́ẹ̀ ya. Wọ́n jókòó, ojú ń tì wọ́n.

"Ìyá," ni Lèmọ́mù wí, "kì í ṣe pé a ò fẹ́ sọ̀rọ̀. Bí mo bá sọ ọ́, ìlú á ní ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí ni. Bí Pásítọ̀ sọ ọ́, wọ́n á ní ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ìjà á dé."

"Kí Ọ̀gá sọ ọ́. Ẹ̀yin, kẹ́ ẹ dákẹ́."

"Bí a bá dákẹ́, Ìyá," ni Pásítọ̀ wí, "a ti gbà nìyẹn. Òfin Alága ni."

"Ẹ gbà kẹ̀! Ṣé ẹ̀yin nìkan ni òfin yẹn ní kó dákẹ́ ni?"

Ojú Lèmọ́mù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló kan ẹnu rẹ̀. Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, bí ẹni tó fẹ́ ka ohun tó dùn. Ìyá arúgbó ní, "Ẹ wá bá mi mú ẹsẹ̀ yìí, kí ọmọ mi yí mi." Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dìde.

Ọjọ́ ìpàdé ńlá pé. Gbọ̀ngàn kún. Kọmíṣánnà dé, obìnrin sìgbọnlẹ̀ kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, bí ọjà gidi. Alága ti fi tìmùtìmù kan kún àga rẹ̀, ó ga débi pé iná àjà ń gbóná sí i lórí. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀. Nígbà tó fi máa dé ibi tó ti ń hu eyín, Kọmíṣánnà gbé ọwọ́ sókè.

"Alága, ṣé àwọn bẹ́ńṣì ní ọ̀rọ̀? Ètò ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tiwọn."

"Dájúdájú, dájúdájú! Kí wọ́n sọ ọ́ kíá."

Ọ̀gá dìde. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ní kíláàsì tó kún fún ariwo, ohùn rẹ̀ mọ ọ̀nà. Ó sọ ọ́ ketekete, kò yára, kò fà á:

"Alága, ọ̀rọ̀ bẹ́ńṣì àwọn olùkọ́ nìyí. A ní kí Ìyá Ìbejì dúró sí kíláàsì rẹ̀, kí ìdákẹ́ àwọn ọmọ máa lọ bó ṣe ń lọ. A tún ní kí Alága fi ipò yìí sílẹ̀ lónìí, kó lọ sinmi nílé rẹ̀."

Níbo ni Alága wà? Ó ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń bi akọ̀wé léèrè, "Ẹ̀gbẹ́ wo ni ayàwòrán dúró sí? Sọ fún un kó má ya mí láti apá òsì, imú mi máa ń wú láti apá òsì."

Akọ̀wé ò gbọ́ ìyẹn rárá. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá ló gbọ́. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí àpò tí okùn rẹ̀ já.

"Sà... sà..."

"Ó dáa, ó dáa, mo ti gbọ́!" Alága na ọwọ́ sí Ọ̀gá. "Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Ẹ jókòó. Ó wá kan ìdákẹ́ ọlá! Gbogbo èèyàn, ẹ dijú. Ẹni tó bá lanu, ó mọ ohun tí mo wí!"

Ó gbé agogo sókè, ó lù ú. *Gbaaan!*

Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́. Pásítọ̀ dákẹ́. Lèmọ́mù dákẹ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti jọ ṣe ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn agogo ń rìn lára ògiri, ó ń rẹlẹ̀, ó ń rẹlẹ̀.

Ẹ bá mi wo akọ̀wé. Bó bá lanu, iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí kò bá lanu, iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ó gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, ó rí i pé tirẹ̀ ló wúwo jù. Síbẹ̀, ó gbìyànjú díẹ̀. Ó fa apá kóòtù Alága. Alága ò lajú, ó rò pé ìfẹ́ òun ló ń pa akọ̀wé, ó fi ọwọ́ gbá a léjìká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Akọ̀wé tún fà á. Alága tún gbá a. Òógùn ń kán sílẹ̀ lára akọ̀wé bí ìgbà tí páànù bá ń jò.

Ohùn agogo kú.

Alága kò sì tíì fẹ́ ṣe àmín. Ó fẹ́ kí ìdákẹ́ tirẹ̀ gùn ju ti àwọn ọmọ yẹn lọ. Ó jókòó sókè lọ́hùn-ún, ojú dídì, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń gbọ́ bí gbogbo èèyàn ṣe dákẹ́ nítorí òun. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, a máa sọ pé ẹni tó bá ń sùn lórí igi, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló máa fi ìṣubú rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kọmíṣánnà la ojú kan, ó wo Alága, ó wo Ọ̀gá, ó tún ojú náà dì.

"Àmín!" ni Alága wí nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. "Irú ìdákẹ́ tó ní àṣẹ nìyẹn! Ó wá kan ọ̀rọ̀ olùkọ́ ọlọ̀tẹ̀."

Ọ̀gá dìde. "Ọ̀rọ̀ yẹn ti tán, sà. Ó ti kọjá."

"Kí ló ti kọjá?"

"Ọ̀rọ̀ tí mo gbé kalẹ̀. Mo sọ ọ́, ẹ lu agogo, kò sí ẹni tó lanu títí ohùn rẹ̀ fi kú."

"A gbà," ni Pásítọ̀ wí.

"A gbà," ni Lèmọ́mù wí. Wọ́n sọ ọ́ pọ̀. Títí dòní, kò sí ẹni tó lè sọ ẹni tó ṣáájú.

Alága yíjú sí akọ̀wé. "Kí ni wọ́n gbé kalẹ̀?"

Kọmíṣánnà náà yíjú sí i. "Sọ ọ́, akọ̀wé. Kí ni wọ́n gbé kalẹ̀?"

Akọ̀wé wo ẹni tó ga lórí tìmùtìmù, ó wo ẹni tó jókòó lórí àga lásán. "Wọ́n ní kí olùkọ́ dúró, kí Alága máa lọ sílé... mà." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnu rẹ̀ máa pe "mà" nínú gbọ̀ngàn yẹn. Ó sì dán mọ́ ọn lẹ́nu bí ẹni pé ó ti ń fi í ṣeré nílé.

"Mi ò gbọ́!" Alága fò sókè lórí àga, tìmùtìmù kan já bọ́. "Mi ò gbọ́ ohun tó sọ!"

"Ẹ ní ẹ ti gbọ́," ni Kọmíṣánnà wí. "Gbogbo wa la gbọ́ yín. Ẹ tún ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni."

"Ṣùgbọ́n èmi ni mo ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́!"

"Ẹ̀yin náà lẹ dákẹ́ jù."

Alága gbá agogo mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. "Mo hú u! Mo hú u jáde! Ọ̀rọ̀ tí agogo bá ti sin, èmi Alága..."

Ó dákẹ́ lójijì, torí pé ó rántí ìyókù. Gbogbo gbọ̀ngàn ló bá a parí rẹ̀, ohùn wọn ròkè bí orin: "Kò sí ẹni tó lè hú u jáde mọ́, títí kan èmi Alága!"

Ẹni tó ga, ọ̀nà ilẹ̀ rẹ̀ jìn. Alága na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ò kanlẹ̀. Ó wo akọ̀wé kó wá di òun mú, akọ̀wé ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣí ilẹ̀kùn gbàgà fún Kọmíṣánnà. "Ẹ dìde!" ló ń pariwo. Kọmíṣánnà ní, "Ẹ jókòó jàre, ṣé mo ti ní mò ń lọ ni?" Alága wá fò sílẹ̀ fúnra rẹ̀, fìlà rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀, òun náà tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ náà, nígbà ìsinmi ọ̀sán, Ìyá Ìbejì sáré dé ilé. Ìyá rẹ̀ ti ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Mo ṣì wà níbí, Ìyá mi."

"Ó dáa. Yí mi."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n kó gbogbo àwòrán yẹn kúrò ní kíláàsì. Alága ò gbà kí wọ́n sọ wọ́n nù, ó ní òun máa lọ kó wọn fúnra òun, kíláàsì kan tẹ̀ lé kíláàsì kan. Bó ṣe dé kíláàsì ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn. Kò sí akọ̀wé níwájú rẹ̀. Ó rọra ti ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Gbogbo ọmọ dijú, wọ́n dákẹ́. Ó dúró. Eṣinṣin wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó lé e.

Nígbà tó yá, wọ́n lajú, wọ́n rí i, wọ́n fò dìde. "Ẹ káàárọ̀, sà!"

Ó bojú wẹ̀yìn wo ẹni tí wọ́n ń kí. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọbìnrin tí eyín rẹ̀ ti yọ, tí tuntun sì ti ń hù, bá a gbé àwòrán náà sọ̀ kalẹ̀. Ó tóbi ju ẹnu ọ̀nà lọ. Alága ní láti tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó tó lè gbé ara rẹ̀ jáde. Bó ṣe fẹ́ jáde, ọkàn rẹ̀ gbé e. Ó yí padà, ó tún kọ́là kóòtù ṣe, ó gbé ọwọ́ kan sókè bíi ti ọjọ́sí, ó ní, "Ẹ jókòó."

Wọ́n ti jókòó tipẹ́.